Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Kì í Pariwo fún Ọ́fíìsì Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Jọ Ń Lò

Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù, ó ti wọ́pọ̀ báyìí pé kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ gba yàrá ọ́fíìsì kan, kí wọ́n sì jọ máa san owó rẹ̀. Agbẹjọ́rò á jókòó sí apá kan, awọnlẹ̀ á wà ní apá kejì, oníṣirò-owó á sì gbé tábìlì tirẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Bí ẹ̀rọ náà bá ń pariwo, oníbàárà tí ó wá bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ yóò gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó mọ sí àárín ẹni méjì yóò sì di ohun tí gbogbo yàrá mọ̀. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ ńlá, nítorí pé àṣírí oníbàárà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì dúró lé lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá fẹ́ ra pírńtà a máa kọ́kọ́ béèrè iye owó rẹ̀ àti bí ó ṣe yára tó. Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì yìí ní láti dúró sẹ́yìn ná. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe, iná tí yóò lò, àti yàrá tí yóò wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé àwọn mẹ́ta yìí ni yóò pinnu irú ẹ̀rọ tí ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka iye iṣẹ́ yín

Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lọ́wọ́, kí olúkúlùkù máa kọ iye ojú ewé tí ó tẹ̀ lójoojúmọ́ síbẹ̀ fún oṣù kan. Bí ẹ kò bá tíì ní ẹ̀rọ, tí ó jẹ́ pé ìta ni ẹ ti ń tẹ ìwé yín, iye tí ẹ san fún wọn níbẹ̀ lè ran yín lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ẹ má sì gbàgbé àwọn àsìkò tí iṣẹ́ a máa ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Agọ́-Ìwòyè bá ń kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn jọ, tàbí bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń múra sílẹ̀ fún Ojúde Ọba.

Iye yìí ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ sábà máa ń kọ òǹkà méjì sí ìwé rẹ̀. Èkíní ni iye tí ó pọ̀ jù lọ tí ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ nínú oṣù kan, èkejì sì ni iye tí wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a máa tẹ̀. Èkejì, èyí tí ó kéré, ni kí ẹ mú. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò dé òpin agbára rẹ̀ lóṣooṣù kì í pẹ́ tí eyín inú rẹ̀ fi ń jẹ, tí rọ́là tí ń fa bébà wọlé fi ń dán, ariwo a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ibi tí ariwo ti ń wá, kí ẹ tó yan irú ẹ̀rọ

Irú ẹ̀rọ mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Èyí tí ó ti pẹ́ jù nínú wọn ni ẹ̀rọ tí ń fi abẹ́rẹ́ gún ríbọ́ọ̀nù mọ́ bébà. Ó wúlò fún àwọn tí ń tẹ rìsíìtì alábala mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò yẹ ní yàrá àjọlò, nítorí pé gbígún náà gan-an ni ó ń pariwo, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ẹ̀rọ lésà ni èkejì. Gary Starkweather, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà, ni ó hùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1969. Ìmọ́lẹ̀ a máa ya àwòrán ojú ewé sí ara ọ̀pá roboto kan tí iná wà lára rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tí à ń pè ní tónà a lẹ̀ mọ́ ibi tí ó yẹ, a sì bọ́ sára bébà, lẹ́yìn náà ni rọ́là gbígbóná kan yóò yọ́ ọ mọ́ bébà náà. Ooru rọ́là yìí a máa súnmọ́ 200 ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ lésà fi máa ń ní fáànù. Fáànù náà ni ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀wé tán tí kò sì tíì dákẹ́. Ariwo rẹ̀ yòókù ń wá láti ara rọ́là tí ń gbá bébà wọlé, láti ara àwọn eyín tí ń yí, àti láti ara ẹ̀yà tí ń dá bébà padà kí ó lè tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ lésà aláwọ̀ púpọ̀ tún ní àṣà kan tí kò bá yàrá àjọlò mu: a máa dá dúró láti tún àwọn àwọ̀ rẹ̀ tò, ariwo á sì máa lọ fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ nílò àwọ̀, ẹ ra lésà dúdú, kí ẹ sì máa tẹ ti aláwọ̀ níta.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń fọ́n íńkì, pàápàá jù lọ irú èyí tí ó ní táǹkì tí a ń bu íńkì sí láti inú ìgò. Epson, Canon àti HP ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ tí a ń rí jù lọ́jà. Kò ní rọ́là gbígbóná, nítorí náà iná díẹ̀ ni ó ń jẹ, ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 30 wáàtì nígbà tí ó bá ń tẹ̀wé. Ariwo rẹ̀ ni ti orí tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí bébà àti ti rọ́là tí ń fa bébà, kò sì ní fáànù tí yóò máa kùn lẹ́yìn iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yára, pé ojú ihò íńkì a máa dí bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìlò, àti pé púpọ̀ nínú íńkì rẹ̀ a máa ṣàn bí omi bá kán sórí ìwé. Ẹ béèrè bóyá íńkì dúdú rẹ̀ jẹ́ irú tí omi kì í tètè ṣí, tí wọ́n ń pè ní pigment, nítorí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ṣí lára bébà.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé: bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ lásán, tí iná yín sì dúró dáadáa, ẹ mú lésà dúdú tí kò yára jù. Nínú ẹ̀rọ lésà, èyí tí ń tẹ nǹkan bí 20 ojú ewé ní ìṣẹ́jú kan sábà máa ń dákẹ́ ju èyí tí ń tẹ 40 lọ. Bí ó bá jẹ́ ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ mú ti onítáǹkì íńkì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka òǹkà ariwo bí ó ti yẹ

Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe a máa kọ ìwọ̀n ariwo sí ìwé ẹ̀rọ rẹ̀, ní ìlànà àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 7779 àti ISO 9296. Ibí yìí ni a ti ń tan ara wa jẹ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ọ̀kan ń sọ gbogbo agbára ohùn tí ẹ̀rọ náà ń tú jáde, wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n, àmì rẹ̀ ni B(A). Èkejì ń sọ bí ohùn náà ṣe dé etí ẹni tí ó dúró nítòsí, dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, àmì rẹ̀ ni dB(A). Bẹ́ẹ̀lì 1 jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 10. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan náà lè ní 6.7 B(A) lójú ìwé kan kí ó sì ní 53 dB(A) lójú ìwé mìíràn, kí méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wé ara wọn, ẹ rí i pé irú ìwọ̀n kan náà ni ẹ ń kà lára wọn.

Ẹ tún wo ipò tí ẹ̀rọ náà wà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Òǹkà ti ìgbà tí ó ń tẹ̀wé yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ó ń ṣe fótókọ́pì láti òkè, ó sì yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ó kàn jókòó tí ó ń retí iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì tí ìwé kì í pọ̀ jù, òǹkà ìgbà tí ó ń retí iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ká yín lára jù, nítorí pé ipò yẹn ni ẹ̀rọ máa ń wà fún ìgbà tí ó pọ̀ jù lóòjọ́. Bí ìyàtọ̀ àárín ẹ̀rọ méjì bá tó dẹ́síbẹ̀lì 10, etí ènìyàn a máa gbọ́ èkejì bí ẹni pé ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n mítà kan sí wa jẹ́ nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 60, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó ti kọjá 55 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yóò máa bá ọ̀rọ̀ du etí.

Bí ẹ bá rí àmì Blue Angel lára ẹ̀rọ kan, àmì ìjọba Jámánì ni, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1978. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó bá gbà á ti yege nínú ìdánwò ariwo, ó sì ti yege nínú ti eruku kíkúnná àti afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ fi etí ara yín gbọ́ ọ

Òǹkà kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù, tàbí bí ẹ bá rìn dé ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà ní Ìkẹjà, ẹ mú bébà tiyín dání, kí ẹ sì kó ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sínú fúláàṣì. Ẹ sọ fún olùtajà pé kí ó pa ẹ̀rọ náà kí ó tó tún un tàn níṣojú yín, nítorí ariwo tí ẹ̀rọ ń pa nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni a kì í rántí béèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ẹ óò máa gbọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ àti nígbàkigbà tí iná bá lọ tí ó sì padà dé. Ẹ tẹ ojú ewé 10 ní ojú kan. Ẹ tún tẹ 10 mìíràn ní tojú-tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dúró, kí ẹ sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí fáànù rẹ̀ tó dákẹ́.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ọjà lè má jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bẹ olùtajà kí ó gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá inú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́: èyí tí ó bá ń gbọ̀n gidigidi lábẹ́ ọwọ́ yóò mú kí tábìlì máa dún lọ́fíìsì. Àwọn ohun èlò orí fóònù tí ń wọn ohùn kò péye tó láti fún wa ní òǹkà tòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fóònù kan náà ni ẹ fi wọn ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan náà ní ìwọ̀n mítà kan, ìyàtọ̀ tí ó bá fi hàn wúlò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tún ní ètò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ tàn án kí ẹ sì gbọ́ bí ó ti rí. Ìyára ni ó sábà fi ń san owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ẹ lè fara da bí yóò ti máa falẹ̀.

Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti yẹ dídára ìtẹ̀wé wò. Àwa tí ń kọ Yorùbá ní ìdánwò tí kò nílò irinṣẹ́ kankan: ẹ tẹ abala kan tí ó kún fún orúkọ àti ìlú, bí Ṣágámù, Ìjẹ̀bú, Ọ̀ṣọ́ṣà, ní lẹ́tà tí ó kéré tó ìwọ̀n 8. Ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí àmì náà bá lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, tàbí bí àmì ohùn orí rẹ̀ bá di ẹyọ dúdú kan tí a kò mọ̀ bóyá òkè ni ó kọjú sí tàbí ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ náà kò dára fún iṣẹ́ yín, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ojúlówó àmì tíntìntín 600 nínú íǹṣì kan (600 dpi) tó fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹ tún tẹ àpótí kan tí ó dúdú pátápátá láti mọ̀ bóyá ilà funfun yóò là á kọjá, kí ẹ sì fi ìka tútù ra ojú ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bi iná léèrè

Iná NEPA, bí a ti ń pè é títí di òní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ni ó ń pín in fún wa, jẹ́ 230 fóòtì ní ìlànà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ lésà a máa fa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún wáàtì nígbà tí rọ́là rẹ̀ bá ń gbóná, òmíràn a sì kọjá 1,000 fún ìgbà díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù àti fáànù kò lè gbé e. Ẹ má ṣe so ó mọ́ UPS tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí fífa iná lójijì yìí lè ba UPS náà jẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe UPS ni ó sì kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Sítébiláísà tí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ dáadáa ni kí ẹ fi sí i.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ sì ka fóòtì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà rárá. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ lésà tí ó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ti 110 sí 127 fóòtì. Ọjọ́ tí a bá kì í bọ iná wa ní tààrà ni yóò jó. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tí ó jẹ́ pé kátíríìjì agbègbè tí wọ́n ti tà wọ́n nìkan ni wọ́n ń gbà, àti àwọn mìíràn tí kì í tẹ̀wé bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Ẹ béèrè nípa méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣírò owó ojú ewé kan

Iye owó ẹ̀rọ kò tó láti sọ ohun tí yóò ná yín. Ẹ pín owó kátíríìjì sí iye ojú ewé tí ó lè tẹ̀. Ká ní kátíríìjì kan jẹ́ 30,000 náírà tí ó sì ń tẹ 1,500, owó tónà lórí ojú ewé kan jẹ́ 20 náírà. Fún lésà dúdú, ìlànà ISO/IEC 19752 ni wọ́n fi ń wọn iye ojú ewé yìí, ìwé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n sì lò, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ojú rẹ̀ ni tónà bò. Ìwé agbẹjọ́rò tí ọ̀rọ̀ kún fọ́fọ́ kò ní dé iye náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kátíríìjì tí ó bá ẹ̀rọ tuntun wá sábà máa ń jẹ́ ìlàjì tàbí kí ó kéré sí i.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ìgbésẹ̀ yìí ni pé kí ẹ wá ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe kí ẹ tó rà á. Ẹ lọ bá àwọn tí ń tún pírńtà ṣe ní ìlú yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé èwo ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ dáadáa tí a ní láti gbé lọ sí Èkó nígbà tí rọ́là kékeré bá jẹ kò yẹ wá.

Ní ti àwọn àfikún, ẹ jẹ́ kí ó lè tẹ tojú-tẹ̀yìn, kí ó ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àfikún sí Wi-Fi, kí ó sì lè fi ìwé pamọ́ títí ẹni tí ó ni ín yóò fi tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ń ṣọ́ àṣírí oníbàárà lójú àwọn tí ẹ jọ ń lo ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti ń ṣọ́ ọ létí wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e sí ibi tí ó yẹ

Ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí lè sọ rere di búburú. Àpótí pákó tí inú rẹ̀ ṣófo a máa gba ariwo kí ó sì fẹ̀ ẹ́ bí ìlù, nítorí náà tábìlì tí ó wúwo tí kì í mì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́ rọ́bà nínípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ògiri méjì ti pàdé, nítorí pé ògiri méjèèjì yóò dá ohùn náà padà sáàárín yàrá. Ní gbangba, bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tí ń dún, ìwọ̀n rẹ̀ létí yín a fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù. Nínú yàrá kì í dín kù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣeé tì, ibẹ̀ ló dára jù. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ó jẹ́, nítorí lésà a máa tú eruku kíkúnná sáfẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jókòó síwájú ihò tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sí.

Bébà náà ń dá kún ariwo. Ní àsìkò òjò, ọ̀rinrin a máa mú kí ó ká, á sì há sínú ẹ̀rọ. Nígbà ọyẹ́, gbígbẹ a máa mú kí abala méjì lẹ̀ pọ̀ wọlé. Ẹ fi rímù sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó, ẹ má sì ṣe tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fura sí bébà tí wọ́n tà fún yín, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: abala A4 kan tí ó jẹ́ bébà gíráàmù 80 lóòótọ́ (ìyẹn ni ìwúwo bébà tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó) wúwo tó gíráàmù 5, nítorí náà rímù alábala 500 gbọ́dọ̀ tó kílò 2.5. Bí ó bá jẹ́ kílò 2.2 ni ẹ rí, bóyá bébà gíráàmù 70 ni, tàbí kí ó jẹ́ pé abala inú rẹ̀ kò pé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jọ fẹnu kò, kí ẹ sì máa fetí sí i

Kí gbogbo ẹni tí ń lo yàrá náà pinnu àkókò tí a óò máa tẹ ìwé tí ó bá ju ojú ewé 50 lọ, bóyá kí àwọn oníbàárà tó dé tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Kí ètò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa wà ní títàn ní gbogbo ọ̀sán. Kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ náà, kí ó máa nu eruku ojú ihò fáànù rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ kátíríìjì sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lo ẹ̀rọ tuntun náà dáadáa bí ẹni pé iṣẹ́ ti pọ̀, kí àléébù rẹ̀ lè yọ síta nígbà tí rìsíìtì ṣì wúlò lọ́wọ́ olùtajà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí etí bá gbọ́ tí kò gbọ́ rí ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Bí rọ́là bá ń han nígbà tí ó ń fa bébà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti dán, aṣọ tí a fi omi rẹ díẹ̀ sì lè tó láti nù ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná tí ó sì ti tutù. Bí ó bá ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀ ní ìwọ̀n kan náà bí ó ti ń yí, eyín kan ti jẹ tàbí kátíríìjì kò wọlé dáadáa. Ẹ yọ kátíríìjì náà kí ẹ sì tún un fi sí i. Bí ó bá sì jẹ́ láti apá ibi tí bébà gbígbóná ti ń jáde ni ariwo lílọ̀ kan ti ń wá, ẹ pa á, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹni tí ń tún un ṣe ní ọjọ́ náà gan-an.